Ẹni tó gbin igi sí Yewa tí kì í yẹ̀ ẹ́ wò, owó ara rẹ̀ ló ń fi ṣeré

Kò sí oníṣòwò kan tó ní ìsọ̀ lọ́jà Ìlaròó tó máa ti ilẹ̀kùn pa fún odidi ọdún mẹ́ta, tó sì máa retí pé gbogbo ọjà tóun kó síbẹ̀ yóò pé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbin igi sí agbègbè Yewa ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n á ra ilẹ̀ lọ́nà Ayétòrò, wọ́n á gbin tíìkì tàbí kajú sí i, wọ́n á roko rẹ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́, wọ́n á wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní igi kì í ṣe adìẹ, kò lè kú lójijì. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú onígẹdú wá láti dá owó lé e ni wọ́n máa ń mọ̀ pé àárín oko ti ṣófo.

Ọ̀rọ̀ owó lọ̀rọ̀ yìí. Láyé ìjọba òyìnbó ni wọ́n gbé tíìkì wọ Nàìjíríà, ó sì ti pẹ́ nínú igbó ọba tó wà n'Ílaròó. Òpó iná ń jáde lára rẹ̀, pákó ń jáde, igi ìkọ́lé ń jáde. Lódìkejì bọ́dà, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ń gbìn ín bí ẹni ń dá àjọ ni, ìgbà tí ìnáwó bá dé ni wọ́n ń gé e tà. Àmọ́ àjọ tí kòkòrò àti àrùn bá ń bá èèyàn kó, kí lẹni náà fẹ́ bá níbẹ̀?

Ẹ wo kajú ná. Kòkòrò dúdú kan wà tó ní ìwo gígùn lórí, òun ló máa ń fi ẹnu rẹ́ ẹ̀ka kajú yípo bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ, títí tí ẹ̀ka náà á fi gbẹ, tí á dá. Ọ̀pọ̀ olóko rò pé atẹ́gùn ló ṣẹ́ ẹ. Kì í ṣe atẹ́gùn. Inú ẹ̀ka tó gbẹ yẹn ni kòkòrò náà ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni ìdin rẹ̀ ń gbé tó fi ń dàgbà, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti jáde láti tún lọ rẹ́ ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó bá fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ nínú oko, ọ̀tá ara rẹ̀ ló ń sìn. Oògùn rẹ̀ kò ju kí wọ́n ṣa gbogbo ẹ̀ka tó já bọ́ àti èyí tó ṣì rọ̀ sórí igi, kí wọ́n kó wọn jáde kúrò nínú oko, kí wọ́n sì sun wọ́n pátá.

Ti tíìkì tún yàtọ̀. Àrùn tó ń jẹ gbòǹgbò wà, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ti ń ṣọṣẹ́. Ewé igi á kọ́kọ́ máa pọ́n, á máa kéré sí i, orí igi á fúyẹ́, kó tó di pé igi náà kú. Bí wọ́n bá gbẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á rí ohun funfun bí okùn òwú lára gbòǹgbò. Nígbà mìíràn, olú tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ọsàn tó pọ́n á hù sí ìdí igi ọ̀hún. Inú kùkùté àwọn igi tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó ni àrùn yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí gbòǹgbò ti kan gbòǹgbò ló sì ń gbà ràn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí igi kan bá kú lónìí, àwọn tó yí i ká ló máa tẹ̀ lé e. Kò sí oògùn tí wọ́n lè fọ́n sórí ewé tó máa wo èyí sàn. Ńṣe ni kí wọ́n hú kùkùté kí wọ́n tó gbin nǹkan. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gé igi tó ti kú, kí wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀ sun, kí wọ́n sì gbẹ́ yàrà tó jìn yí ibẹ̀ ká, kí yàrà náà kọjá ẹ̀yìn àwọn igi tó ti ń ṣàìsàn.

Ìrókò gan-an ní ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ni. Igi iyebíye ni, síbẹ̀ kò rọrùn láti dá oko rẹ̀, nítorí kòkòrò tíńtín kan tó máa ń mú kí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ wú kókó, tí kókó náà á bẹ́, tí ẹ̀ka tuntun á sì rà. Àwọn onímọ̀ nípa igbó ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, ṣèwádìí pé tí wọ́n bá gbìn ín mọ́ àárín àwọn igi mìíràn, níbi tí òjìji wà, ìyà náà máa ń dín kù. Ẹni tó bá kó igi ẹyọ kan ṣoṣo sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, àsè ló sè fún kòkòrò igi náà.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ olóko, bí wọ́n bá rí i pé igi ń gbẹ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn apakòkòrò lọ́jà ni wọ́n ń sáré lọ. Bí wọ́n ṣe ń lo Gamalin lóko kòkó nìyẹn láyé ọjọ́sí, kó tó di èèwọ̀ nítorí májèlé inú rẹ̀. Owó ń lọ, omi ń bàjẹ́, igi sì ń kú síbẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ò lówó òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ kan péré lóṣù tó láti rìn yí oko ká pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Kí wọ́n sì ro etí oko kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, torí iná tí àwọn ọdẹ ń dá sígbó máa ń bó èèpo igi, ojú ọgbẹ́ yẹn sì ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Èyí tí kò bá yé wọn, kí wọ́n gé ẹ̀ka tàbí gbòǹgbò tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ kan, kí wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní l'Áyétòrò, tàbí sí iléeṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, FRIN, n'Íbàdàn, tó ti wà láti ọdún 1954.

Ìjọba náà ní tiẹ̀ láti ṣe. Kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó igi gígé nìkan ni olóko yóò máa rí àwọn òṣìṣẹ́ igbó. Ẹni tó ń gba owó lórí igi yẹ kó lè wá wo igi náà nígbà tó ń ṣàìsàn.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹni tí kò bá la obì rẹ̀ wò, ẹni tó fẹ́ rà á ni yóò bá a là á, owó kékeré ni yóò sì dá lé e.