Kì Í Ṣe Torí Ọlọ́pàá La Ṣe Ń San Ìnṣọ́ránsì

Ọyẹ́ bo ọ̀nà Tanke ní Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni ọkọ̀ kan bá gbá wa lẹ́yìn. A ò tíì bọ́ sílẹ̀ táwọn èrò ti ń bẹ̀ wá: "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é." A gbà. Owó ara wa la san fún panel beater.

Ẹ̀bẹ̀ kì í ra bọ́ńpà! Láti January 2023, ₦15,000 lowó third-party ọkọ̀ àdáni lọ́dún. Ó lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bà jẹ́. Àmọ́ ìwé tá a fi ń kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá la sọ ọ́ dà. Àwa tó ń kọ kóòdù jẹun (ẹ má rẹ́rìn-ín), a mọ̀ pé nọ́ńbà ọkọ̀ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ò yẹ nǹkan kan wò.

Ẹni tó bá tún gbá wa, a ò ní í bá a jà. A máa kọ́kọ́ ya fọ́tò ìwé náà ná.