Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Olóríkunkun



Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan ọmọ kékeré tó ń gé ènìyàn jẹ, tó ń fọ́ àwo, tàbí tó dákẹ́ lójijì tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ní Ìjanikin níbí, kí a tó béèrè ohun tó ṣe é, a ti fún un lórúkọ: olóríkunkun, ọmọ burúkú. Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rò fún wa. Ẹnu rẹ̀ kò tíì lè sọ ohun tó ń dùn ún, ìwà ló fi ń sọ ọ́.

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Ọmọ mi ọkùnrin ti ṣíwọ́ ìtọ̀ orí ẹní ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tó pé mẹ́rin, mo padà sí ọjà Alábà. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán ni mò ń jáde, kí súnkẹẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì má baà ká mi mọ́. Ìtọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọn kò rí àìsàn kankan. Mo nà án, ó burú sí i. Ìyá mi ló bi mí pé, "Ta ni ọmọ yìí ń rí bó bá jí?" Láti ìgbà náà, mo máa ń dágbére fún un kí n tó lọ, mo sì máa ń bá a ṣeré díẹ̀ lálẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹní fi gbẹ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni eré ń wò o. Ọmọ tí a ní kò gbọ́ràn, ó lè jẹ́ etí tó ń ṣọyún ni kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí a wí. Ibà tó le débi gìrì lè pa ọpọlọ lára. Ọmọ tí kò jẹun kánú, tí kò sùn tó, á máa kanra. Èyí tó ń gbọ́ ìjà bàbá àti ìyá lóròòru lè gbé ìjà náà lọ sílé ìwé. Ìyá tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ nílò ìtọ́jú, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún wa kò sinmi, tòsì ńkọ́? Ànábì wa gbé Umaamah, ọmọ ọmọ rẹ̀, lé èjìká lórí ìrun. Ta ni ọjà wá dí lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Bí ìṣòro náà bá pẹ́, tàbí tí ọmọ ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba ní ẹ̀ka ọmọdé ní Òṣòdì. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ọmọ di wèrè. Òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè pàápàá, òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Bí ìjọba bá lè yí orúkọ padà, àwa òbí náà lè ṣe é.

Lálẹ́ òní, kí a tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ náà. Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa. Àmín.