Ẹ̀kọ́ Tí Ń Bẹ Nínú Eré Òṣùpá

Láyé àtijọ́, ní Ẹdẹ bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá gbogbo, bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán tí òṣùpá sì yọ, àwọn ọmọdé a máa péjọ sí ojúde agbo ilé. Àgbà kan a pa àlọ́ àpamọ̀ fún wọn, kí ó tó kan àlọ́ Ìjàpá. Nínú eré ‘Kí ní ń lẹ́jẹ̀?’, olórí eré a máa dárúkọ oríṣiríṣi nǹkan, àwọn ìyókù a sì dáhùn kìkì bí ohun náà bá ní ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì dáhùn sí òkúta, ó kùnà.

Ọ̀pọ̀ òbí òde òní ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí ìfàkókòṣòfò. Wọ́n ní ìwé ni kí ọmọ máa kà lálẹ́, kí ó lè yege nínú ìdánwò. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí yóò ka ìwé náà gan-an ni eré ń pọ́n. Ọmọ tí ó gbọ́ pé awẹ́ obì kan ni à ń jẹ dé Ọ̀yọ́, tí ó sì ronú títí ó fi mọ̀ pé ahọ́n ni, ti kọ́ láti fi ojú inú rí ohun tí kò sí níwájú rẹ̀.

Ẹdẹ pàápàá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹnu àwọn àgbà ni ó tọ́jú ìtàn Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, kí Dúró Ládípọ̀ tó fi í sínú eré Ọba Kò So ní 1963. Ọba Adétóyèsẹ̀ Láoyè, tí ó jẹ́ Tìmì láti 1946 títí di 1975, gbajúmọ̀ fún ìlù dùndún. Orí sì ni onílù ń kó oríkì sí.

Àwọn kan ní àlọ́ ti wà nínú fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n fóònù ti ya àwòrán Ìjàpá tán, kò ku ohun tí ọmọ yóò fi ojú inú rí. Láàrin ẹgbẹ́, bí ọmọ kan bá gbàgbé, èkejì a rán an létí.

Ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ ya alẹ́ kan tàbí wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún eré wọ̀nyí, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá lọ tán, kò sí ọjà tí a ti lè rí i rà.