Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní iṣẹ́ tí èmi ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa túmọ̀ ìwé ìlò kọ̀ǹpútà láti èdè Sípéènì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti àlàyé tí àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Àwọn ará Sípéènì yá a lò ni. Ẹni tí ó ń dá ohun tí a yá padà fún olóhun, kí ni ó ń túmọ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa ni mo sì fẹ́ kí ẹ dá ẹjọ́ náà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nídìí kọ̀ǹpútà ní Sípéènì àti ní Mẹ́síkò, ara ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wò ó. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọjà náà ń gbà. Ní ọdún 1145, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert ti Chester, wà ní ìlú Segovia ní Sípéènì. Ibẹ̀ ni ó ti túmọ̀ ìwé ìṣirò al-Khwarizmi láti èdè Lárúbáwá sí èdè Látìn. Láti ara orúkọ al-Khwarizmi yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "algorithm" tí gbogbo akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà fi ń yangàn. Orúkọ kan náà ni àwọn ará Sípéènì sọ di "guarismo," tí í ṣe àmì òǹkà. Ní ọdún 1914 ẹ̀wẹ̀, Leonardo Torres Quevedo, ọmọ Sípéènì tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì, kọ ìwé kan ní èdè rẹ̀ nípa ẹ̀rọ tí ó lè ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀. "Automática" ni ó pe ìmọ̀ náà. Nínú ìwé yẹn ni ó ti ṣàlàyé ọ̀nà kíkọ òǹkà kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "floating point" lónìí. Nígbà tí àwọn tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ fẹ́ kà á, ṣebí títúmọ̀ ni a túmọ̀ rẹ̀ fún wọn? Ó wà nínú ìwé tí Brian Randell kó jọ ní ọdún 1973. Ta ni ó yá lọ́wọ́ ta níbẹ̀?

Orúkọ kọ̀ǹpútà gan-an ńkọ́? Ní Sípéènì, "ordenador" ni, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ó sì ti wá, nítorí Jacques Perret ni ó dá "ordinateur" lábàá fún ilé iṣẹ́ IBM ní ọdún 1955. Ní Mẹ́síkò, "computadora" ni, ní Kòlóńbíà, "computador."

Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó lọ gbé ìlú òkèèrè fún ogún ọdún, ṣé bí ó ti rí nígbà tí ó lọ ni yóò rí nígbà tí ó bá dé? Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ́ "registro." Àkọsílẹ̀ oníbàárà kan nínú ìwé ilé ìtajà, registro ni. Àyè kékeré inú ẹ̀rọ, níbi tí ó ń gbé òǹkà tí ó ń ṣírò lọ́wọ́ sí, registro ni. Ìròyìn tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀ pé báyìí ni mo ṣe, báyìí ni ó rí, registro náà ni. Gẹ̀ẹ́sì kò pa wọ́n pọ̀: "record" ni ti àkọ́kọ́, "register" ni ti èkejì, "log" ni ti ẹ̀kẹta. Àwa ní ọkọ, a ní ọkọ́, a ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Registro kò ní ohùn tí yóò yà á.

Mo mọ ohun tí mo ń wí. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ra ètò ìtajà kan tí a kọ ní èdè Sípéènì. Owó tí mo bèèrè pọ̀ jù lójú wọn, wọ́n sì gbé ìwé ìlò rẹ̀ fún ẹnìkan tí ó ní ìwé atúmọ̀ lọ́wọ́. Ó dé ibi tí a kọ ọ́ sí pé, bí àyè bá há nínú ẹ̀rọ, "borre los registros antiguos," èyí ni pé kí a pa ìròyìn àtijọ́ tí ẹ̀rọ ti kọ rẹ́. Atúmọ̀ kọ ọ́ pé "delete the old records." Ọmọbìnrin tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ka Gẹ̀ẹ́sì yìí, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Ó pa àkọsílẹ̀ gbogbo oníbàárà tí ó ti pẹ́ rẹ́, àti ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ẹni tí ó ti san. Wọ́n lé e. Ẹ̀yin ará, ohun tí ìwé ní kí ó ṣe ni ó ṣe! Atúmọ̀ gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan nínú ìwé náà. Nígbà tí wọ́n padà wá pè mí láti tún un ṣe, ẹlòmíràn ti wà lórí àga ọmọ náà.

Ọ̀rẹ́ mi yóò ní aláìbìkítà ni atúmọ̀ yẹn. Irọ́ ni. Ohun tí ìwé atúmọ̀ wí ni ó kọ. Bí a bá gbé e fún ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè òde òní pẹ̀lú, ìdáhùn kan náà lè jáde. Èmi náà ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí, n kò ní purọ́, wọ́n sì yára jù mí lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ kò sọ èwo nínú mẹ́ta ni ó jẹ́. Inú ètò náà ni ìdáhùn wà, àfi kí a ṣí i wò.

Kí ẹ má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń pín nǹkan sí wẹ́wẹ́ nígbà gbogbo. Ohun tí a ń fi ìka tẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, "tecla" ni ní Sípéènì. Ohun tí a fi ń dá àkọsílẹ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, "clave" ni. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, "llave" ni. Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo wọn ní "key." Síbẹ̀ "clave" tún lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé. (Ti "librería" ni kí a máa fi rẹ́rìn-ín: ilé ìtàwé ni nínú ìwé atúmọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn akọ̀wé ètò, àkójọ iṣẹ́ àṣekọ́jú tí a lè yá lò ni. Mo ti rí ibi tí a ti ní kí kọ̀ǹpútà lọ gbé ilé ìtàwé wọlé.) Òǹkà pàápàá kò dákẹ́. Ará Sípéènì kọ 1.500, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni ó ní lọ́kàn. Ètò ti Gẹ̀ẹ́sì kà á sí ẹyọ kan àti ààbọ̀. Ará Mẹ́síkò ní tirẹ̀ ń kọ ọ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. "Billón" jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, nígbà tí "billion" jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù péré. Kí ẹni tí ń túmọ̀ ìwé báńkì má mọ èyí, kí a wá wò ó!

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́ wa ni pé àwọn kan nínú wa, ọ̀rẹ́ mi sì wà lára wọn, ń to ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jọ fún Yorùbá. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀, nítorí òun ni wọ́n kà sí olóhun. Mo rí ìwé wọn: gbogbo ibi tí "key" wà, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi sí i. Ta ni ó ń fi ìka tẹ kọ́kọ́rọ́ kí ó tó kọ lẹ́tà? Bí wọ́n bá yọjú sí ti Sípéènì lẹ́ẹ̀kan, wọn ì bá ti rí i pé kò sí ohun tí ó ní kí nǹkan mẹ́ta jẹ́ orúkọ kan.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí a jẹ́ kí atúmọ̀ rí ètò náà níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ó lè bi ẹni tí ó kọ ọ́ léèrè. Kí a sì kọ orúkọ atúmọ̀ sí iwájú ìwé, kí a lè mọ ẹni tí a ó bá wí.

Nínú iṣẹ́ tí mo parí kẹ́yìn, registro wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlélógójì. Mo kọ lẹ́tà sí ọkùnrin tí ó kọ ètò náà ní Bogotá, mo bi í léèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dáhùn mẹ́tàdínlógójì. Ní ti mẹ́rin tí ó kù, ó ní òun fúnra òun kò rántí mọ́, kí n jọ̀wọ́ ní sùúrù kí òun ṣí ètò náà wò.