Ìwọ̀n tí kò sọ̀kalẹ̀ mọ́: ẹ má febi pa ara yín

Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ìyá ẹni ọdún 58 ló kọ ọ́. Wọ́n ní kílò 96 làwọn wọ̀n nígbà tí dókítà ní káwọn dín sísanra kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Wọ́n dín òkèlè kù, wọ́n pa mínírà tì, wọ́n ń rìn láràárọ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù mẹ́rin, wọ́n ti bọ́ sí kílò 88. Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, òṣùwọ̀n kò kúrò lójú kan. Ni wọ́n bá yọ oúnjẹ alẹ́ kúrò, wọ́n tún ń mu tíì kan tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ ọ̀rá dànù. Ìbéèrè wọn ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n yọ oúnjẹ ọ̀sán náà ni?"

Rárá o, ìyá mi. Ẹ má yọ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ sì dá oúnjẹ alẹ́ padà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn mìíràn ti ń ṣe ara wọn léṣe.

Kí ló ń mú òṣùwọ̀n dúró? Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 25. Tí ẹ bá pín omi inú rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, ìdá kan rẹ̀ yóò tó bíi kílò mẹ́jọ. Ẹrù tí ìyá yìí ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé e kiri, bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, bí wọ́n bá lọ sọ́jà, ara ń ná agbára lé e lórí. Ní báyìí tí wọ́n ti sọ̀ ọ́, ara kò ná tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tó ń jẹ́ kí wọ́n fúyẹ́ ní kílò 96, òun náà ló ń mú wọn dúró lójú kan ní kílò 88. Ara kò ya olóríkunkun, ìṣirò ló yí padà.

Ohun kejì ni pé ara mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná, bí ìgbà tí owó oúnjẹ bá dínkù lọ́wọ́ ìyálé ilé. Ní Yunifásítì Minnesota nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín 1944 sí 1945, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ancel Keys fún àwọn ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn ní oúnjẹ tí kò tó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú àwọn tí ogun febi pa. Wọ́n rù lóòótọ́. Àmọ́ ara wọn dín agbára tó ń ná kù gan-an, òtútù ń mú wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló lọ, iṣan ara náà bá a lọ.

Iṣan yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbàlagbà fiyè sí. Òun ni ẹran líle tó wà ní itan, ní apá àti ní ẹ̀yìn wa. Òun ló ń gbé wa dìde lórí àga, òun ni kì í jẹ́ ká ṣubú ní balùwẹ̀. Ọjọ́ orí ń dín in kù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tún ń febi pa ara rẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé e lọ ni. Nítorí náà, kì í ṣe pé ká ṣáà fúyẹ́, bí kò ṣe pé kí ọ̀rá lọ kí iṣan dúró.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìwọ̀n ti dúró lóòótọ́. Iyọ̀ púpọ̀ lóúnjẹ àná tàbí inú tó le lè fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún ìwọ̀n yín. Ẹ máa wọ̀n ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ tó jẹun. Ẹ fi téèpù àwọn aránṣọ wọn ìbàdí náà. Tí ìbàdí bá ń dínkù, iṣẹ́ ń lọ, bí òṣùwọ̀n tilẹ̀ dákẹ́. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí méjèèjì kò mira, ẹ wá wọ ilé ìdáná.

Nínú ilé ìdáná, òróró àti epo pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan òróró tó nǹkan bí kálórì 120. Ṣíbí mẹ́ta tó ń lé lórí ọbẹ̀ ègúsí ti di 360 kí òkèlè tó dé. Ẹ má fi ojú díwọ̀n mọ́, ẹ fi ṣíbí wọn epo sínú ìkòkò. Ẹ tún ka àwọn ohun tí a kì í kà: ẹ̀pà tí a ń jẹ níwájú tẹlifíṣàn, àjẹkù àwọn ọmọ, mọ́ọ̀tì òde àríyá. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ṣúgà tí a ń fi sí nǹkan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, ó sì dára jù tó bá dín sí ìdajì ìyẹn, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́fà fún àgbàlagbà. Ẹ wo ara ìgò mọ́ọ̀tì, ẹ ó rí iye ṣúgà tó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún àwo oúnjẹ tò. Kí ẹ̀fọ́, ewédú tàbí ilá gba ìdajì rẹ̀. Kí àmàlà, ẹ̀bà tàbí iyán má ju ìkúùkù yín kan lọ. Kí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí adìẹ tí a bó awọ rẹ̀ gba ìyókù. Oúnjẹ amúaradàgbà wọ̀nyí ló ń tọ́jú iṣan, wọ́n sì ń jẹ́ ká yó pẹ́. Pọ̀nmọ́ dùn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹja. Ẹ má fi ògì nìkan jẹun àárọ̀, ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin sísè tì í. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó fi kún amúaradàgbà.

Ní ti eré ìmárale, rírìn lójú kan náà lójoojúmọ́ ti mọ́ ara lára. Ẹ rìn bí ẹ ṣe ń rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ yára rìn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún padà. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni kí ẹ fojú sùn, bíi 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ iṣan kún un. Ẹ jókòó sórí àga tí kì í yẹ̀, tí ẹ fi ti ògiri, kí ẹ dìde kí ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìfọwọ́ tì í, tí orúnkún bá gbà. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri kí ẹ máa tì í bí ẹni ń ti mọ́tò, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òyì ń kọ́ yín, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà.

Ewu tó wà nínú lẹ́tà yìí ni mo wá kàn. Ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ ìnsúlínì tàbí oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide kò gbọ́dọ̀ dédé pa oúnjẹ jẹ. Oògùn yóò máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò já wálẹ̀: òógùn yóò bò ó, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ yóò dàrú lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà sómi fún un mu, kó jẹun lẹ́yìn náà, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù. Tó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Bí ẹ bá ń fúyẹ́, ó lè di dandan kí dókítà dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ kù. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, ẹ má dá a ṣe.

Ní ti tíì, èyí tó pọ̀ nínú wọn, ewé tó ń ṣu èèyàn ni. Omi àti ìgbẹ́ ló ń lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà. Àwọn mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2010 ni wọ́n kó oògùn kan, sibutramine, kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù nítorí ewu tó ń ṣe fún ọkàn, síbẹ̀ wọ́n ń bá a nínú tíì àti kápúsù tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wò ó síbi tó dára. Kílò mẹ́jọ nínú 96 ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, láti ìdá márùn-ún yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kí èèyàn dúró ní kílò 88 fún ìgbà díẹ̀ láìpadà sókè, àṣeyọrí ni, kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ẹni tó bá ń rù láìṣe nǹkankan ni kó tètè lọ ṣàyẹ̀wò, kó má máa dúpẹ́.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àjákọ ọmọ kan, kí ẹ máa kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu yín síbẹ̀, títí kan epo àti ẹ̀pà. Ẹ mú un dání tí ẹ bá ń lọ rí dókítà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé yẹn máa ń sọ ohun tí òṣùwọ̀n kò lè sọ.