Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́: MỌ́TÒ TÍ YÓÒ GBÉ ẸRÙ WA, KÌ Í ṢE ÈYÍ TÍ YÓÒ JẸ OWÓ ỌJÀ

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Àwọn tó ń wá yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra mọ́tò ti ń pọ̀ sí i. Inú wa dùn sí i, torí ta ni kò fẹ́ kí ọmọ ìyá òun gun mọ́tò? Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ra mọ́tò tán, mọ́tò náà ló wá ń nà wọ́n ní pàṣán.

Ọ̀kan nínú wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, kó owó àjọ, ó tún yá owó ẹgbẹ́ lé e, ó fi ra jíìpù oní pílọ́ọ̀gì 6 tó ń dán yanran. Kò pé oṣù mẹ́fà tí jíà fi kú. Owó tí ì bá fi ra èlùbọ́ ló fi ra jíà mìíràn, ìyẹn náà kò sì pẹ́. Bí a ṣe ń kọ ìwé yìí, jíìpù wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Ìyá wa ń fi ọkọ̀ èrò kó ẹrù, ó sì ń san gbèsè mọ́tò tí kò gùn. Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹ̀sín. Àwa ìgbìmọ̀ náà jẹ̀bi, torí àwa la buwọ́ lu owó yẹn, a ò sì bi í pé irú mọ́tò wo ló fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó sọ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba fi lé lítà epo kan kò tó 200 náírà. Kí oṣù Keje ọdún yẹn tó parí, ó ti kọjá 550. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà níbi púpọ̀. Nígbà tí epo ṣì pọ́ọ́kú, èèyàn lè gun mọ́tò tó ń mu epo bí omi kó má mọ̀ ọ́n lára. Ní báyìí, inú èrè ọjà wa ló ti ń mu ún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ká tó padà délé, ó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Ká pè é ní 100, ká sì fi 1,000 náírà ṣírò lítà kan kó lè rọrùn. Ẹ̀yin ẹ fi iye tí ẹ bá bá ní ilé epo rọ́pò rẹ̀. Toyota Corolla oní 1.8, tó jẹ́ oní pílọ́ọ̀gì 4, tí ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá le, máa ń mu nǹkan bí lítà 8 lórí ìrìn yẹn. Toyota Sienna, oní pílọ́ọ̀gì 6, máa ń mu nǹkan bí lítà 12. 8,000 náírà rèé, 12,000 náírà rèé. Ẹni tó bá ń rin ìrìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóṣù, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40,000 náírà. Lọ́dún kan, ó di 480,000 náírà. Owó ọjà mà nìyẹn!

Àmọ́ ẹ má tíì sáré sọ pé Sienna kò dáa o. Ká ní Corolla yín kò lè kó ju àpò èlùbọ́ 4 lọ, kí Sienna tí ẹ ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ sì kó àpò 10. Àpò kan nínú Corolla ti jẹ epo 2,000 náírà, àpò kan nínú Sienna jẹ 1,200. Ṣé ẹ rí i báyìí? Mọ́tò tó ń mu epo jù lè jẹ́ òun ló dín owó kù, tí ẹrù bá kún inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òfìfo ló ń rìn, tàbí ẹyọ aṣọ mélòó kan ni ẹ ń fi gbé, òfò ni.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí kálukú kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò: Ẹrù mélòó ni mò ń kó? Báwo lọ̀nà ṣe jìn tó, ṣé ó dáa? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù? Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń lọ kó ọjà, kó máa san owó ọkọ̀ fún ọlọ́kọ̀, kó fi owó mọ́tò kún ọjà rẹ̀. Ẹni mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà lè dá owó ra Sienna kan, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ẹni tí yóò ra táyà àti ẹni tí yóò gbé e lọ́jọ́ wo. Àìkọsílẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Lẹ́yìn epo, ọ̀rọ̀ pàátì ló kàn. Ẹ ra mọ́tò tí mẹkáníìkì àdúgbò yín mọ̀ dunjú, tí ẹ lè rí pàátì rẹ̀ ní Aràròmí ní Gate níbí, tàbí ní Ládípọ̀ ní Múṣin, lọ́dọ̀ ju ẹnì kan lọ. Ìdí tí Toyota fi pọ̀ lójú ọ̀nà wa nìyẹn. Mọ́tò tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní pàátì rẹ̀, iye tó bá wu onítọ̀hún ni yóò pè é.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, mẹkáníìkì tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, ẹ má lo ti ẹni tó ń tà á. Ẹ dé ibẹ̀ ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tutù. Tí ẹ bá bá a ní gbígbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Èéfín tó bá dúdú, epo ló ń jẹ ní ìjẹkújẹ. Èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù, ó ń jó ọ́ìlì. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, iná ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú awakọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú tí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì tán. Tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti pa á mọ́ yín lójú. Ẹ ká rọ́ọ̀gì ilẹ̀ rẹ̀ sókè. Tí ẹ bá rí ẹrẹ̀, tàbí tó ń rùn bí ibi tí omi ti dúró pẹ́, omi ti gbé mọ́tò yẹn rí. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ sì gun òkè, kí jíà lè fi ara rẹ̀ hàn.

Nọ́ńbà mọ́tò tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú jẹ́ 17. Kó bá ti ara ilẹ̀kùn àti ti inú ìwé mu. Ìwé àṣọ́bodè ńkọ́? Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Mọ́tò tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, tòun tẹrù.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ mọ iye tó ń mu. Ẹ rọ epo kún, ẹ kọ nọ́ńbà ìrìn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ ọjà, kí ẹ tún rọ ọ́ kún. Lítà tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ohun tó mu. Ẹ máa kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà, máìlì ni wọ́n ń kà, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà kan àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀. Tó bá ṣàdédé mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò, ẹ yẹ pílọ́ọ̀gì àti fílítà afẹ́fẹ́ wò, ẹ sì dín àpọ̀jù ẹrù kù.

Ohun tí àwa ìgbìmọ̀ wá fi ẹnu kò sí rèé. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ra mọ́tò yóò mú ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yẹn wá, pẹ̀lú ìwé mẹkáníìkì tó yẹ mọ́tò náà wò. Yóò sì fi ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ní sílẹ̀ fún àtúnṣe, kò gbọdọ̀ fi gbogbo rẹ̀ ra mọ́tò. A kò ní yan mẹkáníìkì fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní a ń jẹ níbẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan yóò máa kùn pé ẹgbẹ́ ti le jù. Ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ ń yá yìí, owó aláta àti owó ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Tó bá ṣòfò, gbogbo wa ló ṣòfò.

Ní ti ìyá wa tí jíìpù rẹ̀ kú, a ti sún ìgbà tí yóò san gbèsè rẹ̀ síwájú, a kò sì ní fi èlé lé e. Bí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi owó wa ra wàhálà o. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ gbogbo ìgbìmọ̀.