Ìlà Kan, Ọmọ Méjì

 

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́mọ bá fa ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ ní Toronto yìí, tó sì gba ibi iṣẹ́ Sátidé lọ, ó di dandan ká kà á. Àwa tí a ti ń ṣírò owó olówó láti ọdún yìí wá, ẹ ò ní gbà gbọ́ pé kíka ọmọ ló dójú tì wá.

Ìgbà ooru tó kọjá ni a kó àwọn ọmọ lọ ṣeré ní Centre Island. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ wa. A ka ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: 18. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi gbé wa padà, a ka orí àwọn ọmọ: 18. Ó pé! Bí ẹni pé ìwé owó ló dọ́gba lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ọkàn wa balẹ̀. A ní kí wọ́n máa wọlé. Àfi bí Táíwò ṣe figbe ta: "Kẹ́hìndé dà?"

Kẹ́hìndé ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wá gidi. A sáré padà, a bá a létí omi níbi tó ti ń wo pẹ́pẹ́yẹ. Ọlọ́run ló yọ wá. Nígbà tí a tún ìwé náà wò la tó rí i: "Táíwò àti Kẹ́hìndé" ni wọ́n kọ sórí ìlà kan ṣoṣo. Ìlà 18, ọmọ 19. Ọmọ kan ti dàwátì, ìṣirò wa sì ní ó pé.

Nígbà tí a délé, ọmọ wa obìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà ti di Lisp!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Lisp jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. John McCarthy ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1958. Títo nǹkan jọ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àtòjọ inú Lisp dà bí àwọn ọmọ tó di ara wọn lọ́wọ́ mú: ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó tẹ̀lé e, kò sí èyí tó mọ iye gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè iye ni length. Òfin rẹ̀ ò ju méjì lọ. Bí àtòjọ bá ṣófo, iye rẹ̀ jẹ́ 0. Bí kò bá ṣófo, ka ẹni àkọ́kọ́ sí 1, kí o sì fi iye àwọn tó kù kún un. Ẹ wo èyí:

(length '(Adé Bọ́lá (Táíwò Kẹ́hìndé)))

Mélòó ni? Ẹ ní 4? Kọ̀ǹpútà yóò ní 3! Àwọn ìbejì wà nínú àtòjọ kékeré tiwọn, length kì í sì í yọjú wo inú rẹ̀. Ẹyọ kan ló kà á sí. Kò parọ́ o, ohun tí a bi í ló dáhùn. Bí a bá fẹ́ iye ọmọ, àfi ká fi òfin kẹta kún un: bí o bá kan àtòjọ nínú àtòjọ, wọ inú rẹ̀, kí o ka àwọn tó wà níbẹ̀ bákan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan, ìlà kan. Ẹ má kọ "àwọn ọmọ Màmá Bọ́sẹ̀" fún wa mọ́. Àwa náà kì í ka orí nìkan mọ́. Orúkọ là ń pè, a sì ń dúró kí olórúkọ dáhùn.

Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló ń rán Táíwò ṣáájú kó lọ wo ayé. Lọ́jọ́ yẹn, Táíwò ṣáájú lọ sídìí ọkọ̀, ó wẹ̀yìn, kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ké. Bí kò bá ké ńkọ́?

Ó dìgbà kan ná o.